Owó Ọjọ́ Tí Ọwọ́ Mi Kò Kan Omi

                                                  Ojúlé Kẹtàlélógún,
                                                  Òpópónà Báálẹ̀,
                                                  Ajégúnlẹ̀, Àpápá.
                                                  Ọjọ́ Ìmọ̀ Ọ̀pẹ,
                                                  23 Oṣù Kẹta, 1975.

Ibídùnní, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ilé, mo kí ọ̀nà. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Bàbá Kọ̀yà ńkọ́, ṣé ara wọn le? Eyín Kọ̀yà tí ó ń dùn ún nígbà tí o kọ̀wé kẹ́yìn ńkọ́, ṣé ẹ ti yọ ọ́, àbí ó ti dákẹ́ fúnra rẹ̀? Màmá rẹ ní Ìlúgùn ńkọ́, ṣé orúnkún ń jẹ́ kí wọ́n lè dé ṣọ́ọ̀ṣì? Ẹ kú ìmúra ọdún Àjíǹde o. Ẹ sì kú oríire owó oṣù tuntun, nítorí mo gbọ́ pé ti ẹ̀yin tíṣà náà ti jáde. Ní tiwa níbí, a dúpẹ́. Bàbá Múlíkà ń lọ sí iṣẹ́ lébírà wọn ní wáàfù, wọn kò sì ṣàìsàn. Múlíkà ti ń rìn. Ó ti fọ́ àwo méjì, ọ̀kan jẹ́ ogójì kọ́bọ̀, èkejì ti sán tẹ́lẹ̀, nítorí náà n kò kà á mọ́ ọn. Àárọ̀ yìí ni a gba ìmọ̀ ọ̀pẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo fi tèmi há ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, kí n tó bọ́ bàtà, ọmọ yìí ti fà á ya.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Mo kà á, mo ká a, mo tún tú u, mo tún un kà. Inú mi kò dùn sí i, n kò sì ní fi pamọ́ fún ọ. Láti ìgbà tí a ti jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan ní ìwé kẹta, tí ìwọ ń yọjú wo ìṣirò mi, tí èmi náà ń yọjú wo bí o ṣe ń kọ ọ̀rọ̀, a kò tíì tan ara wa jẹ. Bí mo bá rí ohun tí kò tọ́ lọ́wọ́ rẹ, ẹnu mi ni ó yẹ kí o ti gbọ́ ọ, kì í ṣe ẹnu ará ọjà.

O ní Ìyá Sàláwà, tí ó ń bá yín fọṣọ ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta, dé ẹnu ọ̀nà yín lẹ́ẹ̀mejì ní oṣù tó kọjá, tí ó bá àgádágodo níbẹ̀, nítorí pé ẹ ti lọ kí àwọn àna rẹ ní Ìwó, ẹ kò sì rí àyè sọ fún un. O ní nígbà tí ẹ dé, ó béèrè owó ọjọ́ méjèèjì, kọ́bọ̀ márùndínlọ́gọ́rin lọ́nà méjì, náírà kan àbọ̀ lápapọ̀. O bi í pé aṣọ wo ni ó fọ̀, ó ń kùn lọ. O wá ní kí èmi tí mo ń ṣiṣẹ́ nílé àwọn ènìyàn ńlá ní Àpápá bá ọ dá ẹjọ́ náà, pé ṣé kì í ṣe ojúkòkòrò gidi nìyẹn. Ibídùnní, nínú gbogbo ènìyàn tí Ọlọ́run dá, èmi ni o rí fi ìyẹn lọ̀. Ó dára. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ojú mi rí láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejì títí di àná, kí o tó gbọ́ ìdájọ́ mi.

O mọ̀ pé ọjọ́ mẹ́rin ni mo ń fọṣọ ní ọ̀sẹ̀. Ìṣẹ́gun àti Ẹtì jẹ́ ti ará Lẹ́bánónì kan, àwọn yẹn kò ní wàhálà. Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀ jẹ́ ti Màdáámù, ìyàwó ọ̀gá ìjọba kan, ọmọ Yorùbá bíi tiwa. Náírà kan àti ogún kọ́bọ̀ ni owó mi lójúmọ́, èyí tí à ń pè ní ṣílè méjìlá kí owó tó yí padà. Nígbà tí wọ́n gbà mí ní ọdún 1973, Màdáámù fúnra wọn ni wọ́n sọ pé àwọn kò fẹ́ alágbàfọ̀ tí ó ń sáré láti ilé dé ilé, pé láti ọjọ́ náà lọ, Ọjọ́ Ajé mi àti Ọjọ́bọ̀ mi ti di ti àwọn, n kò gbọdọ̀ tà á fún ẹlòmíràn. Mo gbà. Ní ọdún tó kọjá, obìnrin kan ní òpópónà kejì sí tiwọn bẹ̀ mí pé kí n máa wá sọ́dọ̀ òun ní Ọjọ́bọ̀, òun yóò san náírà kan àbọ̀. Ọgbọ̀n kọ́bọ̀ ni ìyàtọ̀ rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ méjìléláàádọ́ta, ó di náírà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àti ọgọ́ta kọ́bọ̀. Mo ní rárá, ẹ má bínú, Ọjọ́bọ̀ mi ti ní ẹni tí ó rà á. Mo sọ èyí kí o lè mọ̀ pé èmi pa àdéhùn tèmi mọ́, ó sì ná mi lówó.

Ní oṣù kìíní, owó Údójì dé, èyí tí ìjọba fi kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀gá gba àfikún oṣù mẹ́sàn-án papọ̀ lọ́jọ́ kan. Kí oṣù náà tó parí, ẹ̀rọ ìfọṣọ ti dé ilé wọn, funfun bí ẹyin, wọ́n gbé e sẹ́yìn kíṣìnì. Godfrey tí ó ń bá wọn se oúnjẹ ní kí n wá kí ìyàwó tuntun, pé èmi ti di ìyáálé. Mo rẹ́rìn-ín. Ó ní iye rẹ̀ jẹ́ igba náírà. Mo fi owó ọ̀sẹ̀ tí mo ń gbà lọ́dọ̀ wọn pín in, mo rí i pé n ó fọṣọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́tàlélọ́gọ́rin kí n tó rí iye rẹ̀, n kò sì tíì jẹun nínú rẹ̀. Síbẹ̀ n kò bínú sí ẹ̀rọ. Owó wọn ni. Bí Màdáámù bá pè mí pé, Ìyá Múlíkà, o ṣeun, ẹ̀rọ ti dé, wá ibòmíràn lọ, ǹ bá sunkún díẹ̀, ǹ bá sì lọ, ìbá ti parí síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà kò lè ṣe ohunkóhun bí kò bá sí iná. O sì mọ bí iná ti rí ní Èkó. Nítorí náà, ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé bí iná bá wà ní òwúrọ̀ ọjọ́ mi, wọ́n á kó aṣọ fún ẹ̀rọ, wọ́n á ní kí n padà sílé. Bí kò bá sí iná, èmi ni wọ́n á kó o fún. Èmi kò sì lè mọ èyí tí yóò jẹ́ láti ilé, nítorí iná Ajégúnlẹ̀ kì í ṣe iná Àpápá. Tiwa lè kú láti àná kí tiwọn máa mọ́lẹ̀ roro. Ó di dandan kí n dé ẹnu géètì kí n tó mọ̀ bóyá mo ní iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Mo di àtùpà, Ibídùnní. Ìgbà tí iná bá lọ ni wọ́n ń rántí ibi tí wọ́n fi mí sí.

Ìgbà àkọ́kọ́ ni Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà oṣù kejì. Aago mẹ́fà ààbọ̀ ni mo kúrò nílé. Mo ti pọn omi, mo ti fún ọmọ ní ògì, mo ti gbé e fún Ìyá Onome, ará Ùróbò tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa, tí ó ń bá mi tọ́jú rẹ̀ ní ogún kọ́bọ̀ lójúmọ́. Mo wọ bọ́ọ̀sì ní kọ́bọ̀ márùn-ún. Godfrey ni ó pàdé mi ní géètì. Kò wo ojú mi. Ó ní, "Ìyá Múlíkà, light dey. Madam say make you go house." Mo rò pé ẹ̀ẹ̀kan ni. Mo ní kò burú, mo padà.

Láti Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kejì, títí di Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, ọjọ́ mẹ́rìnlá ni ó jẹ́ tiwọn. Mo fọṣọ ní mẹ́jọ, wọ́n dá mi padà ní mẹ́fà. Mẹ́fà lọ́nà náírà kan àti ogún kọ́bọ̀ jẹ́ náírà méje àti ogún kọ́bọ̀. Owó yàrá wa fún odindi oṣù kan jẹ́ náírà méje. Owó bọ́ọ̀sì tí mo fi lọ wo géètì wọn jẹ́ àádọ́ta kọ́bọ̀. Ọgọ́ta ni ìbá jẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fi ẹsẹ̀ rìn padà. Ní àwọn ọjọ́ mẹ́jọ tí mo sì fọṣọ, ohun tí ìyàwó tuntun kò lè jẹ ni wọ́n kó jọ dè mí, kọ́tìnì, aṣọ ibùsùn ńlá, àdìrẹ tí aró rẹ̀ ń ṣí. N kò sọ̀rọ̀ lórí ìyẹn. Iṣẹ́ ni iṣẹ́.

Ọjọ́bọ̀ tó kọjá ni sùúrù mi tán. Iná wà. Godfrey ti ń la ẹnu kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo ní kó má tíì sọ ọ́, kí ó bá mi sọ fún Màdáámù pé mo fẹ́ rí wọn. Wọ́n jáde sí ẹ̀yìnkùlé pẹ̀lú ife tíì lọ́wọ́. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn, mo kí ọ̀gá, mo kí àwọn ọmọ. Mo wá sọ pé ọjọ́ kẹfà rèé tí mo ń dé géètì tí mo ń padà, pé bí wọn kò bá lè san gbogbo rẹ̀, kí wọ́n ro iye tí wọ́n bá lè san. N kò gbé ohùn sókè. Màdáámù gbé ife wọn sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ náà, wọ́n sì wò mí bí ẹni pé mo béèrè fún àga ìjókòó wọn.

Wọ́n ní, "Ìyá Múlíkà, ọwọ́ rẹ kò kan omi. Owó kí ni kí n wá san?"

Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé. Mo sọ fún wọn bí a ti ń ṣe àáró nílé. Ìwọ mọ̀ ọ́n, nítorí bàbá rẹ àti bàbá mi jọ wà nínú àáró kan náà ni. Ènìyàn mẹ́fà ni wọ́n. Bí ó bá kan oko ẹnì kan, àwọn márùn-ún yòókù á gbé ọkọ́ wọn lọ síbẹ̀. Bí wọ́n bá dé oko tí olóko ní òun kò tíì múra tán, tàbí pé ìnáwó pe òun, ẹnikẹ́ni kò ní bá a jà. Wọ́n á jókòó, wọ́n á jẹ iṣu tí ó bá sè, wọ́n á gbé ọkọ́ wọn padà sílé. Ṣùgbọ́n ó ti jẹ àáró tirẹ̀ nìyẹn. Oko àwọn márààrún ṣì ń dúró dè é, kò sì ní yẹ ọ̀kan. Kò sí ẹni tí í béèrè pé ebè mélòó ni wọ́n kọ fún un lọ́jọ́ náà. Bàbá mi máa ń sọ pé ebè kọ́ ni à ń yá ara wa, ọjọ́ ni.

Ṣé o rántí ọdún tí wọ́n sọ àbúrò rẹ obìnrin lórúkọ? Bàbá rẹ dá àwọn àáró padà lẹ́nu oko ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹsẹ̀ wọ́n wú, gbogbo ènìyàn ní kí wọ́n jókòó. Wọ́n kọ̀. Wọ́n fi ẹsẹ̀ wíwú lọ kọ ebè ní oko bàbá mi, ìwọ ni o ru omi tẹ̀ lé wọn. Mo wà níbẹ̀. Mo jẹ nínú iṣu ọjọ́ náà.

Màdáámù jẹ́ kí n sọ tán. Wọ́n ní ibí yìí kì í ṣe oko bàbá mi. Ibẹ̀ ni inú bí mi, mo sì sọ ohun tí Bàbá Múlíkà ní n kì bá tí sọ. Mo ní kò burú, mà, ṣùgbọ́n ìjọba ti san àfikún oṣù mẹ́sàn-án tó ti kọjá fún ọ̀gá, ṣé ọ̀gá padà lọ ṣe iṣẹ́ oṣù mẹ́sàn-án náà lẹ́ẹ̀kejì ni? Godfrey yíjú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń mì. Màdáámù kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní láti òní lọ, kí n jókòó sílé mi, bí iná bá lọ, àwọn yóò ránṣẹ́ sí mi, bí kò bá sì tẹ́ mi lọ́rùn, àwọn alágbàfọ̀ kún Ìjọ́ra Bàdíà fọ́fọ́.

Mo ní, "Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀ ni mo tà fún yín, mà. N kò ta òkùnkùn fún yín." Mo kúnlẹ̀, mo dìde, mo jáde.

Mo fi ẹsẹ̀ rìn dé ilé. N kò rí ọ̀nà. Nígbà tí mo wọ ọgbà, Ìyá Onome jókòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó ń to ẹja yíyan sínú apẹ̀rẹ̀, Múlíkà sùn sẹ́yìn rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́. Mo sọ ọ́ láti orí géètì dé orí ife tíì. Ngozi tí ó ń ránṣọ ní yàrá kẹta dá ẹ̀rọ rẹ̀ dúró kí ó lè gbọ́. Mo sín Màdáámù jẹ, bí wọ́n ti di ife mú, bí wọ́n ti ní ọwọ́ mi kò kan omi. Àwọn obìnrin ń pòṣé, wọ́n ń ní irú ìwà wo nìyẹn. Ìyá Onome nìkan ni kò pòṣé. Ó to ẹja rẹ̀ tán, ó fi bébà bò ó, ó wá gbójú sókè.

Ó ní, "Ìyá Múlíkà, èmi náà ńkọ́? My own hand no touch water, abi?"

N kò tètè mọ ohun tí ó ń sọ. Ó sì ṣàlàyé rẹ̀ fún mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń ṣírò fún ọmọdé. Ó ní ní gbogbo ọjọ́ tí mo bá lọ fọṣọ, òun kì í lọ sí etí omi ní àfẹ̀mọ́júmọ́ lọ ra ẹja tútù, nítorí ọmọ mi. Àwọn tó bá tètè dé ibẹ̀ ni wọ́n ń rí èyí tó dára rà. Bí mo bá wá padà ní aago mẹ́sàn-án, tí mo gba ọmọ mi lẹ́yìn rẹ̀, tí mo ní ẹ ṣé o, ẹja ti tán létí omi, ọjọ́ òun sì ti bàjẹ́. Ó ní ọjọ́ mẹ́fà tí mo kà fún Màdáámù, òun náà ti kà á. N kò san kọ́bọ̀ kan fún òun nínú rẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi, inú bí mi sí i. N kò ní purọ́. Mo rò ó pé, àní ìwọ náà, lónìí tí wọ́n gba oúnjẹ lẹ́nu mi? Mo la ẹnu láti sọ pé ọmọ náà kò lò ju wákàtí mẹ́ta lọ lọ́dọ̀ rẹ̀, pé kò fún un lóúnjẹ, pé kò fọ ìlédìí kankan, pé owó kí ni kí n wá san. Bẹ́ẹ̀ ni mo dá ẹnu dúró. Ọ̀rọ̀ tí ó wà lórí ahọ́n mi, ti Màdáámù ni, kò ku ẹyọ kan. Ojú tì mí níwájú Ngozi àti gbogbo àwọn tí mo ti kó jọ. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Èmi kó tèmi ròde láì wo ilé.

Mẹ́fà lọ́nà ogún kọ́bọ̀ jẹ́ náírà kan àti ogún kọ́bọ̀. Odindi owó ọjọ́ kan tí mo fi ń pariwo.

Nígbà tí Bàbá Múlíkà dé láti wáàfù, mo sọ fún wọn. Wọ́n kọ́kọ́ bá mi wí lórí ọ̀rọ̀ Údójì, wọ́n ní ẹnu mi ti jẹ náírà méjì àti ogójì kọ́bọ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo. Òótọ́ ni, náírà mẹ́sàn-án àti ọgọ́ta kọ́bọ̀ ni lóṣù. Wọ́n jẹun tán. Wọ́n wá ní ṣé mo rí àwọn ọkọ̀ ojú omi tí ó tò sórí òkun tí wọn kò rí ibi gúnlẹ̀ sí, pé ojoojúmọ́ ni ìjọba ń san owó ìdúró fún wọn. Wọ́n ní, "Irin tí kò ní ikùn ń gbowó ìdúró. Ìwọ tí o ní ikùn, wọ́n ní kí o rọra lọ." Wọ́n yọ àádọ́ta kọ́bọ̀ nínú owó tábà wọn, wọ́n ní kí n fi kún ti Ìyá Onome. Mo yọ àádọ́rin tó kù nínú owó yàrá. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, mo kó o lé e lọ́wọ́. Ó kà á, ó tún un kà, ó so ó mọ́ etí ìró. Kò dúpẹ́, n kò sì retí rẹ̀. Ta ní ń dúpẹ́ lórí ohun tí ó jẹ́ tirẹ̀?

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì náà gan-an ni lẹ́tà rẹ dé. Ó yẹ kí o ti mọ irú ojú tí mo fi kà á.

Àná ni Godfrey wá. Ó ní láti òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, kò pẹ́ tí mo jáde, ni iná ti lọ ní gbogbo àdúgbò wọn, kò sì tíì dé. Ìyàwó tuntun ti kẹ̀yìn sí gbogbo ilé, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Aṣọ funfun tí gbogbo wọn yóò wọ̀ lọ́jọ́ Àjíǹde wà nílẹ̀ gègèrè. Màdáámù ní kí n wá ní Ọjọ́ Ajé, kí n tètè dé. Mo bi í pé ṣé wọ́n fi nǹkan rán an. Ó ní rárá. Mo ní kí ó bá mi kí wọn, kí ó ní náírà méje àti ogún kọ́bọ̀ ni ó ṣáájú, mo ti fojú fo owó bọ́ọ̀sì. Godfrey ní, "Ìyáálé, o le o," ó lọ. Títí di ìsinsìnyí tí mo ń kọ̀wé yìí, kò sí ohun tó dé. Ọ̀la ni Ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ láti ọdún méjì tí n kò ní lọ sí Àpápá. Mo ti dé ọ̀dọ̀ obìnrin tí ó fẹ́ ra Ọjọ́bọ̀ mi, ó ti rí ẹlòmíràn láti oṣù kọkànlá. N kò mọ bí a ó ti san owó yàrá, n kò tíì ṣírò rẹ̀ tán. Ogún kọ́bọ̀ ọ̀la ti Ìyá Onome wà lábẹ́ àwo, n ó san án, nítorí àná ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún un pé ọmọ kò ní wá.

Ìdájọ́ tí o ní kí n dá rèé. San owó obìnrin náà. Bí ẹnì kan bá sọ fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú pé kí n má wá, n kò ní béèrè kọ́bọ̀ kan, nítorí mo lè wá ẹni tí yóò ra ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti bọ́ sọ́nà, bí mo bá ti bá àgádágodo lẹ́nu ọ̀nà rẹ, o ti jẹ ọjọ́ náà. Ó ti wọ ikùn rẹ. Má bi mí pé aṣọ wo ni mo fọ̀. Ìwọ tí o gba Údójì oṣù mẹ́sàn-án, ìwọ ọmọ bàbá rẹ, o jókòó sí Ìbàdàn o ń bi alágbàfọ̀ pé ebè mélòó ni ó kọ. Ó dùn mí ju ti Màdáámù lọ. Màdáámù kò jẹ iṣu àáró rí, ìwọ jẹ ẹ́.

Mo mọ̀ pé inú yóò bí ọ. Jẹ́ kó bí ọ, kí o sì san án.

Bá mi kí Bàbá Kọ̀yà. Bá mi kí Kọ̀yà, sọ fún un pé kí ó dín ṣúgà kù. Bí o bá kọ̀wé sí Ìlúgùn, bá mi kí Màmá, fi ọ̀wọ̀ kún un. Ìyá Sàláwà, n kò mọ̀ ọ́n rí, ṣùgbọ́n bá mi kí i dáadáa. Bàbá Múlíkà ní kí n kí gbogbo yín, Múlíkà ń fa ìwé yìí mọ́ mi lọ́wọ́, òun náà ń kí yín nìyẹn.

Pósítà ọ́dà náírà kan àbọ̀, ìwé tí a fi ń gba owó ní ilé ìfìwéránṣẹ́, wà nínú àpòòwé yìí. Mo rà á lánàá ní ilé ìfìwéránṣẹ́, nínú owó yàrá náà ni mo ti yọ ọ́, mo sì san owó iṣẹ́ tí wọ́n ń gbà lé e. N kò kọ orúkọ ẹni tí yóò gbà á sí i. Bí o bá ti san ti obìnrin náà láti àpò ara rẹ, kọ orúkọ mi sí i, kí o dá a padà kíákíá, nítorí ọjọ́ kìíní oṣù ni onílé wa máa ń kan ilẹ̀kùn. Bí o kò bá sì san án, kọ orúkọ Ìyá Sàláwà sí i kí o fi fún un. Sọ fún un pé ọmọ ẹni tí ó bá bàbá rẹ ṣe àáró ni ó lọ sí oko dípò rẹ.

Orúkọ mìíràn kò tọ́ sí ibẹ̀.

Èmi ni ẹnìkejì rẹ lórí bẹ́ǹṣì,

Morádéún
(Ìyá Múlíkà)